Ọmọ jẹ́jẹ́ tí mo pè ní ojo

Ẹ ní ká sọ ìgbà tá a ṣi ọmọ dá lẹ́jọ́ níbi eré ìdárayá. Èmi náà ní tèmi. Tẹníìsì orí tábìlì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Rowe Park, ní Yábàá. Ọmọkùnrin kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, kì í sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá kí i, ẹ̀rín ló fi ń dáhùn. Láàárọ̀, tó bá ku àwa díẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ ẹ̀ tí kì í nà. Ọjọ́ ìdíje ńkọ́? Bí èrò bá ti pé, tí wọ́n ń pariwo, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, á nù ún, á tún un nù, báàtì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Mo pè é ní ojo lójú gbogbo wọn. Mo yọ orúkọ ẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ gba ẹ̀kọ́ kóòṣì ni mo gbọ́ orúkọ Hans Eysenck, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn. Ó ní ọpọlọ ẹni jẹ́jẹ́ ti wà lójúfò látilẹ̀, ariwo tó ń mú ara ọlọ́yàyà yá gágá, ó ti pọ̀ jù fún un. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, mi ò bá kàn ní bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kurt Lewin, onímọ̀ ìwà èèyàn bíi tiẹ̀, ló là mí lójú. Láti 1936 ló ti wí pé ohun tí èèyàn ń ṣe, àti ara ẹni náà ló ti ń wá, àti ibi tó wà.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. (Ìyá ẹ̀ jẹ́ kí n dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbọ́.) Mo wá ń fi ariwo kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀: ọmọ kan ń lu garawa, ó di méjì, ó di mẹ́fà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e, wọ́n nà án ní gẹ́ẹ̀mù karùn-ún, 12 sí 10. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló nu ọwọ́.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Pápá ìṣeré Campos ni tèmi ti ṣẹlẹ̀, ní Èkó níbí. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, nàka sí rẹfirí: "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Mo ní ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀. Ìyàwó mi kàn ń wò mí. Ní 1961, Albert Bandura, onímọ̀ ìwà èèyàn kan, jẹ́ kí àwọn ọmọdé wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí onírọ́bà. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n lù ú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ òsì lọmọ mi fi nàka yẹn. Ọwọ́ òsì lèmi náà fi máa ń nàka sí rẹfirí létí pápá.