Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìdúró onípákó fún àpótí ẹja méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nínú gíláàsì. Mo fẹ́ fi pákó kan ìdúró tí yóò gbé àpótí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí òkè gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50. Bó bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan á sún mọ́ kílò 270, ká tó ka gíláàsì àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn.

Mo ti pinnu pé orí òpó gan-an ni igi ìdábùú yóò jókòó lé, kó má jẹ́ síkúrù ni yóò máa ru ẹrù. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni kó má máa mì sọ́tùn-ún sósì. Ṣé plywood tí mo bá kàn mọ́ ẹ̀yìn tó, àbí kí n tún fi igi dábùú láti igun dé igun? Plywood ló wù mí jù, torí ó máa di gbogbo òpó mú pọ̀, àmọ́ omi tó ń ta sílẹ̀ lè jẹ ẹ́. Kí lẹ fi ń kùn ún?

Ẹ jọ̀ọ́, àlàfo tó tó mélòó lẹ fi sílẹ̀ lókè àpótí ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ lè ráyè wọlé fọ̀ ọ́ dáadáa?