Ilé àwòrán àti oúnjẹ Faransé nínú ọgbà kan náà: ta ló ti débẹ̀ rí?

Ọmọ Ẹnuwá: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi fẹ́ ṣí ilé àwòrán sí Pàrákìn n'Ífẹ̀ níbí, ó ní òun á ya igun kan sọ́tọ̀ fún oúnjẹ Faransé. Ẹni tó bá ti dé irú ibẹ̀ rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí.

Aláró: Ojú mi rí nǹkan. Mo gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ sírú ibẹ̀ l'Ékòó, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Bọ́tà àti àáyù tí wọ́n ń dín látàárọ̀ dalẹ́ wọ inú aṣọ lọ. Ibi tí mo fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sí, tó yẹ kó funfun, ó ti pọ́n. Oníbàárà jẹun, wọ́n sanwó wáìnì, wọ́n lọ. Kọ́bọ̀ ò kàn mí lórí aṣọ tó bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì: Háà! Àdìrẹ ẹlẹ́kọ! Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ọmọ Mòórè: Èmi ò gbà pé ó máa tà n'Ífẹ̀. Ta ló fẹ́ fowó iyán ra búrẹ́dì gbọọrọ?

Ẹ̀gbọ́n Láàgéré: Wọ́n dá Orí Olókun, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà n'Ífẹ̀, sílẹ̀ ní 1968, ìgboro ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe inú ọgbà fásitì. Ọlá Rótìmí ń darí eré, Solomon Wangboje ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọnà, ará ìlú sì ń lọ. Ẹ má fojú kéré Ifẹ̀.

Ọmọ Mòórè: Ẹ̀gbọ́n, eré ni wọ́n lọ wò. Wọn ò lọ jẹ ìgbín oníbọ́tà.

Arìnrìnàjò: Ìgbín yẹn dùn o! Mo jẹ ẹ́ ní Kútọnu. Tiwọn kéré, inú ìkarahun ni wọ́n ti gbé e wá, pẹ̀lú bọ́tà, àáyù àti ewé tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́. Búrẹ́dì la fi nu bọ́tà tó kù nínú àwo.

Olóúnjẹ Sábó: Láìsí ata? Ìgbín tí mo fi àlọ́mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ títí yíyọ̀ ara ẹ̀ fi tán, ata rodo ló yẹ ẹ́.

Ọmọ Ìdìta: Ti Ọbàtálá ńkọ́? Òrí la ń lò sí i, kò sí epo pupa, kò sí iyọ̀.

Olóúnjẹ Sábó: Ti òrìṣà nìyẹn. Ti oníbàárà tó sanwó ni mò ń sọ.

Aláró: Ẹ jọ̀ọ́, ká má gbàgbé iṣẹ́ ọnà. Ọmọ Ẹnuwá, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín: kó mọ ògiri gidi sáàárín, kí èéfín rọ́nà jáde, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tó máa sanwó bí iṣẹ́ bá bàjẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ wáìnì náà mọ́ ọn, ó máa ń ta sára nǹkan.

Ọmọ Ìdìta: Olóúnjẹ Sábó, èló lẹ ń ta ìgbín yín?