Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́jú kíndìnrín, báwo lẹ ṣe ń lo oògùn yín?

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn ó ti pẹ́, dókítà wá ní ó ti dé kíndìnrín, stage 3 (ìpele kẹta), eGFR wọn, ìyẹn ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí, ti wà nísàlẹ̀ 60 ó sì ti lé lóṣù mẹ́ta. Wọ́n kọ oògùn, a rà á, a délé. Bí oògùn ṣe tán ni màmá bá dákẹ́. Mo bi wọ́n, wọ́n ní "ṣé mi ò ti lò ó tán ni?" Lójú tiwọn, bíi ti ibà ni, téèyàn bá ti lo èyí tí wọ́n fún un tán, ó parí nìyẹn. Mi ò bá wọn jà o, torí ta ló ṣàlàyé fún wọn pé wọ́n á máa lò ó lọ ni? Wọ́n kàn fi báírò kọ 1 x 2 sára náílọ̀n, ó dàbọ̀.

Ẹsẹ̀ wọn tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àbúrò wọn tó mọ gbogbo nǹkan (ẹ mọ irú wọn nínú ẹbí) ní oògùn òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́, ó gbé àgbo wá nínú gálọ́ọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru (BP) kan, máa ń mú kẹ́sẹ̀ ẹlòmíì wú lóòótọ́, dókítà lè pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ èèyàn ò kàn ní já a sílẹ̀ báyẹn. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé bọ̀ọ̀dá yìí kan náà ló ń ra diclofenac, oògùn ara ríro, fún wọn torí orúnkún, èyí tó ń pa kíndìnrín lára gan-an!

Àǹtí kan ní fámásì àdúgbò ló bá wa tún un ṣe. Ó kó gbogbo oògùn sórí káńtà, ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, "Mama, kí lèyí ń ṣe fún yín?" Màmá ò mọ ẹyọ kan. Ó ní lisinopril yìí, yàtọ̀ sí BP, ó tún ń dín protein tó ń jò bá ìtọ̀ jáde kù, protein yẹn ló ń mú kí ìtọ̀ máa hó nínú póò bí ọṣẹ. Màmá pariwo, "háà, híhó yẹn!" Àtìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń rán wọn létí mọ́, àwọn gan-an ló ń bèèrè ọjọ́ tá a máa ra òmíì.

—

Ẹ ṣé ma. Dialysis (kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀) ni tèmi ti dé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, àmọ́ ibi tówó bá dé là ń báa dé. Lọ́dún 2025 ìjọba àpapọ̀ já owó ẹ̀ẹ̀kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 láwọn ọsibítù wọn kan, UCH Ìbàdàn wà níbẹ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó níbòmíì. Ẹni tá a jọ ń ṣe é, àárọ̀ kùtù ló ń gbé calcium carbonate mì láìjẹun, ó rò pé ti eegun ni, bẹ́ẹ̀ àárín oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, torí phosphate inú oúnjẹ, èròjà tí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kì í lè tú dànù dáadáa, ló fẹ́ dì mú. Èmi ò sì tọ̀ dáadáa mọ́, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń ní "ẹ mumi dáadáa, omi ló ń fọ kíndìnrín." Níbo lomi ọ̀hún á gbà jáde? Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ o!

—

Ìbéèrè: ṣé lóòótọ́ ni pé ká má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́?

—

Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ẹ wo potassium (èròjà kan tó pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀) nínú èsì ẹ̀jẹ̀ yín, tó bá ga ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ dín in kù. Ẹ sì ṣọ́ iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé ó dáa fún oní-BP yẹn, potassium ló pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ fi han dókítà yín kẹ́ ẹ tó fi sọbẹ̀.