Èèpo Prunus africana fún bàbá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi, ẹni ọdún 71, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Súúrùlérè. Lóru, bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo máa ń gbọ́ tí sálúbàtà wọn ń wọ́ lọ síbi ìtọ̀. Dókítà ní prostate wọn (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) ló wú, pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì kọ tamsulosin, oògùn tó ń mú kí ìtọ̀ rọrùn. Bàbá ní oògùn náà ń mú kí òòyì kọ́ àwọn.

Ni àbúrò mi bá gbé èèpo dé láti ọ̀dọ̀ lékùlẹ́jà ní Múṣìn. Ó ní Prunus africana ni, pé ó ń ran prostate tó wú lọ́wọ́. Orí òkè tútù ni igi yẹn ń hù, bí òkè Kamẹrúùnù, kì í ṣe igi Èkó rárá. Wọ́n bó o débi pé láti 1995 ni òfin CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu) ti ń ṣọ́ títà rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá bó o yíká, ó lè kú. Ìwádìí wà lóòótọ́: ní 2002, Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìdánwò 18 jọ, ọkùnrin 1,562, ìtọ̀ òru sì dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ti wọ̀n ni wọ́n lò, kì í ṣe àgbo.

Ẹni tó mọ èèpo yìí, báwo lẹ ṣe ń dá a mọ̀? Wọ́n ní tútù rẹ̀ máa ń rùn bí àmọ́ńdì kíkorò; tiwa ń rùn bí àpò sìmẹ́ńtì. Ṣé ẹnì kan ti lò ó pọ̀ mọ́ tamsulosin rí? Báwo ni mo sì ṣe máa bá bàbá sọ ọ̀rọ̀ èèpo yìí láìdà bíi pé mò ń bá wọn jiyàn? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà rí dókítà. Ní báyìí, ẹ̀yìn fíríìjì ni mo gbé e pamọ́ sí.