Báǹkì Àpapọ̀ kì í ṣe ilé ìfowópamọ́ àgbà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa tó ń túmọ̀ ìtàn ọrọ̀ ajé Nàìjíríà fún àwọn ọmọ ilé ìwé dábàá pé ká máa pe CBN, ìyẹn Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ní "ilé ìfowópamọ́ àgbà", kí West African Currency Board, tó ń ṣe owó wa jáde kí CBN tó dé, náà sì máa jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn.

Ọdún 1912 ni wọ́n dá Board yẹn sílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Kó gba pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì, kó kó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí àkókò ẹ̀pà bá dé ní Kano, owó á rọ́ wọlé kí wọ́n lè san tàwọn àgbẹ̀. Bí wọ́n bá rà á tán, púpọ̀ nínú rẹ̀ á padà sẹ́yìn, á tún di pọ́n-ùn. Board kì í bójú tó báǹkì, kì í sì í pinnu èlé. Ìgbìmọ̀ Ìpààrọ̀-Owó ni mo fẹ́ ká máa pè é. Mi ò lo "àjọ", kí ọkàn òǹkàwé má baà lọ sọ́dọ̀ alájọ.

Ti CBN yàtọ̀. Òfin 1958 ló dá a sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959. Òun ló ń ṣe owó jáde, òun ló ń bójú tó àwọn báǹkì. Nígbà tí náírà dé ní oṣù kìíní ọdún 1973, tí náírà méjì rọ́pò pọ́n-ùn kan, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Òótọ́ ni pé ìjọba àtàwọn báǹkì ń fowó pamọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin ńkọ́? Mo fi orúkọ tí Bàbá dábàá lọ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Wuse, l'Ábújá níbí. Ó ní, "Ṣé èlé tibẹ̀ ló pọ̀ jù ni, kí n kó owó mi lọ?" Mo ní kó wo ẹgbẹ̀rún náírà ọwọ́ rẹ̀: Aliyu Mai-Bornu àti Clement Isong tó wà lára rẹ̀, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ ni wọ́n nígbà kan. Kíá ló dáhùn: "Háà, CBN!"

Báǹkì Àpapọ̀ ti wà lẹ́nu rédíò àti lẹ́nu ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi sínú ìwé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ìpààrọ̀-owó" lọ fún Board, kó mú un wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.