Olùkọ́ fọ́ ọmọ mi létí, iléèwé ní kí n fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ni olùkọ́ fọ́ létí ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé torí pé kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tó délé, ó ní etí òsì òun ń hó. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní awọ inú etí rẹ̀ ti ya. Mo lọ síléèwé. Ọ̀gá àgbà àti olùkọ́ náà bẹ̀ mí, wọ́n ní àwọn á san owó ìtọ́jú, àmọ́ kí n fọwọ́ síwèé pé mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbì kankan. Mi ò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i tó ń yí etí ọ̀tún síbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kó kọ ọjọ́ àti ohun tó rí sí i. Ẹ kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ má sì bi í léèrè mọ́. Èmi bi tèmi léraléra nígbà tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìyẹn ni wọ́n sì fi dá wa lẹ́bi.

Àgbà Ẹgbẹ́:
Wọ́n na àwa náà, a ò kú. Ẹ dárí jì í, ọmọ yín ṣì máa pa dà sí kíláàsì yẹn.

Agbẹjọ́rò:
Ẹ̀yin bàbá, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ìdáríjì ò ní kí èèyàn fọwọ́ síwèé. Ibi tí òfin ṣì gba olùkọ́ láyè láti na ọmọ pàápàá, ó ní ìwọ̀n. Lọ́dún 1977, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ò ka nínà léèwọ̀ níléèwé, síbẹ̀ ó ní olùkọ́ tó bá na ọmọ kọjá ààlà lè jẹ́jọ́. Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 1989 tiẹ̀ ní ìbáwí iléèwé gbọ́dọ̀ bá iyì ọmọ mu. Etí tó ya kì í ṣe ìbáwí.

Ìyá wa, ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ọ̀kan ò sì dí èkejì. Ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ló ń pè é, nítorí náà níbi púpọ̀, ìwé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ò lè di ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹjọ́ owó gbà-má-bínú jẹ́ ti ọmọ, iléèwé sì lè san án, torí ẹni tó gbani síṣẹ́ ń jíhìn ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Èyí gan-an ni ìwé yẹn fẹ́ pa. Ẹ̀kẹta ni àjọ tó ń fún olùkọ́ níwèé àṣẹ: wọ́n lè kìlọ̀ fún un, wọ́n lè dá a dúró, wọ́n sì lè gba ìwé náà, kódà bí ilé-ẹjọ́ ò bá tíì dá a lẹ́bi.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin:
Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ pé olùkọ́ ń fẹ́ ọmọ iléèwé ńkọ́? Tí ọmọ náà bá ní òun gbà?

Agbẹjọ́rò:
"Ó gbà" kì í ṣe àwíjàre. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 16 lòfin gbà kéèyàn máa ní ìbálòpọ̀, àmọ́ òfin ọdún 2003 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún olùkọ́ láti bá ọmọ iléèwé rẹ̀ tí kò tíì pé 18 ṣe é. Agbára tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ ló fà á. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kíá, ẹ má sì pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti dá ìwé náà pa dà láìfọwọ́ sí i, mo sì ti gba ti dókítà. Lálẹ́ àná, ọmọ mi bi mí bóyá òun ló fà á tí wọn ò fi ní gba olùkọ́ òun láyè mọ́. Mo jókòó tì í títí ó fi sùn.