Micron: ọjà tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣíà Micron, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ṣíìpù mẹ́mórì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu Sanjay Mehrotra, ọ̀gá àgbà wọn, nìkan díwọ̀n bí ọjà ṣe ń tà. Kì í ṣe pé ọ̀gá náà ń purọ́. Ohun tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ rà ló ń sọ, oníbàárà sì máa ń béèrè ju ohun tó nílò lọ nígbà ọ̀wọ́n. Lọ́dún 2021, àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù kó ṣíìpù pamọ́. Nígbà tí ọjà tiwọn dẹ̀, èyí tó wà nílé ni wọ́n ń lò. Owó tó wọlé fún Micron já láti bílíọ̀nù 30.8 dọ́là lọ́dún ìṣirò 2022 sí 15.5 ní 2023, bẹ́ẹ̀ aráyé ò dín fóònù rírà kù dé ìdajì.

Ẹ mú iye ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ fi iye tí wọ́n ná lórí ọjà tí wọ́n tà láàárín oṣù mẹ́ta pín in, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 91, iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù mẹ́ta. Iye ọjọ́ tí ọjà ilẹ̀ máa fi tó tà nìyẹn. Bí 120 ọjọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà ń fẹ́.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ìṣirò yẹn lè tan èèyàn. Ní oṣù mẹ́ta tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta 2023, ọjà ilẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 8.1, ìnáwó ọjà 4.9: bí 150 ọjọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé bílíọ̀nù 1.4 kúrò lára iye ọjà náà, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ìnáwó. Ẹ dá a padà sára ọjà, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìnáwó, ó di nǹkan bí ọjọ́ 247! Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ta ọjà tí wọ́n ti gé yẹn, èrè á dà bí iṣẹ́ ọpọlọ àwọn ọ̀gá.

—

Ti HBM, mẹ́mórì ayára tí wọ́n ń tò léra fún ṣíìpù AI, yàtọ̀ díẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà 2024, wọ́n ní ti 2024 àti 2025 ti tà tán, wọ́n sì ti fẹnu kò lórí iye owó èyí tó pọ̀ jù. Wéfà (àwo sílíkọ́nì tí wọ́n ń gé ṣíìpù lára rẹ̀) tó ń jẹ tó ìlọ́po mẹ́ta ti DDR5, mẹ́mórì kọ̀ǹpútà lásán, fún ìwọ̀n mẹ́mórì kan náà, ìyẹn ló ń mú kí mẹ́mórì yòókù wọ́n. Síbẹ̀, owó tí Micron ń ná lórí ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́: bílíọ̀nù 12 ní 2022, wọ́n gé e sí bíi 7 ní 2023. Bí Samsung àti SK Hynix, tí wọ́n jọ ń ta mẹ́mórì, náà bá jọ ń ná an sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ múra sílẹ̀ fún iye owó tó máa já.